Ìdí Tí Patanmọ́ Fi Ń Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Gbogbo Ayé

Nígbà láéláé, nígbà tí ewéko ṣì lè dìde rìn, tí ewúrẹ́ sì ń bá àwọn ẹranko yòókù gbé inú igbó, Patanmọ́ kì í ṣe ohun tí ń rá pálá nílẹ̀ bí ẹ ti ń rí i lónìí. Ó ga, ó sì gbòòrò. Ewé rẹ̀ tẹ́ bí ẹní, ó sì máa ń là sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò ní ẹ̀gún kankan lára.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹranko ti ń gba iṣẹ́ tí ará ọ̀nà jíjìn bá rán sí wọn. Ẹni tó wà lókè odò á di àrokò sínú ewé, á fi rán ẹyẹ. Ẹyẹ á gbé e sórí Patanmọ́. Ẹni tó ni ín á wá mú un, á kí Patanmọ́ kú ìtọ́jú, á sì máa lọ sílé. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò ní wàhálà kì í pẹ́ lọ́wọ́ àwa ẹ̀dá.

Ọ̀bọ ló bà á jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ránṣẹ́ sí Ọ̀bọ, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ló bá ń tú ti ẹlòmíràn wò. Bó bá tú u tán, á lọ jókòó sétí odò, á máa ròyìn. Bí gbogbo igbó ṣe gbọ́ nìyẹn pé àwọn àna Ẹtu ti dá ẹrù ìdáná padà, àti pé Ìkookò ń bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀. Ti Ẹtu ò dun àwọn àgbà. Ti Ìkookò yẹn ló dùn wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí kò bá a mu nínú wọn.

Wọ́n pe ìpàdé. Lékèélékèé ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé ni, ó wọ funfun báláú. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹyẹ yìí sì ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni simi nítorí rẹ̀.

"Níbi tí mo ti ń bọ̀," ni Lékèélékèé wí, "ilẹ̀kùn kì í kàn ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń sùn. Ilẹ̀kùn a máa béèrè ọ̀rọ̀. Olúkúlùkù yóò ní ewé tirẹ̀ lára Patanmọ́, yóò sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ewé rẹ̀ á ṣí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ewé á pa dé mọ́ ọn lójú. Ó tán."

Kò yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi pàtẹ́wọ́.

Lékèélékèé mú Patanmọ́ lọ sí kọ̀rọ̀, ó kọ́ ọ. Nígbà tó kọ́ ọ tán, ó dán an wò. Ó rìn lọ bá a, ó sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ara rẹ̀, ewé ṣí. Ó tún sọ ọ́, ewé tún ṣí. Ó ní iṣẹ́ ti parí, kí ẹnikẹ́ni má tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, tí ímeèlì yín ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ yín títí omi fi ń lé ròrò lójú yín, ẹ má rò pé orí yín ló kọ́kọ́ dé sí. Ìyá Àwẹ̀ró ti jẹ ẹ́ ṣáájú yín.

Ọ̀yà ni Ìyá Àwẹ̀ró, àárín èèsún ló ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ọyẹ́ ti mú igbó gbẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé báyìí, àwọn àgbẹ̀ á dáná sun igbó. Lọ́dún tó kọjá, iná yẹn gba ọmọ méjì lọ́wọ́ Ọ̀yà. Ó ti búra pé ti ọdún yìí kò ní bá òun níhìn-ín.

Òdìkejì odò ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ odò náà jìn, àwọn ọmọ ò sì tíì mọ omi wẹ̀. Àwẹ̀ró, àkọ́bí rẹ̀, ló ṣáájú lọ wá ibi tí omi ò ti mu wọ́n dé orúnkún. "Ìyá mi, bí mo bá ti rí i, màá ránṣẹ́ sí yín," ni ó wí kó tó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àdàbà bà sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀yà.

"Ìyá Àwẹ̀ró, mo ti gbé iṣẹ́ ọmọ yín dé orí Patanmọ́ o."

"Kí ló wí?"

"N ò tú u. Èmi kì í ṣe Ọ̀bọ."

Inú Ọ̀yà dùn. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ lé e, ó di ọ̀dọ̀ Patanmọ́. Ó kúnlẹ̀ bó ti yẹ.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Patanmọ́. Ẹ kú ìdúró. Ọyẹ́ yìí mà mú o. Èèsún ni ọ̀rọ̀ ìwọlé mi."

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ́ nìyẹn," Patanmọ́ wí, ó pa ewé dé.

Ọ̀yà dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ewé tún là. "Ọ̀rọ̀ ìwọlé?"

"Ẹ má bínú o, bóyá ẹnu mi ni ò là dáadáa. Èèsún."

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ́ nìyẹn."

Ọ̀yà wo ara rẹ̀. Ó ní bóyá òun ò kí àgbàlagbà yìí dójú àmì ni. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ, bí àgbà bá kọ ìkíni ẹni, ẹni náà ló kí i kù. Nígbà tí ewé tún là, ó kúnlẹ̀ tán pátápátá.

"Ẹ ǹlẹ́ o, àgbà. Gbòǹgbò ńkọ́? Ẹ̀ka ńkọ́? Ìrì àná ò pọ̀ jù fún yín? Àwọn kòkòrò ò yọ yín lẹ́nu? A dúpẹ́. Èèsún ni o."

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ́ nìyẹn."

Bó ti ń kí i tó ni Patanmọ́ ń pa dé tó. Bí Patanmọ́ sì ti ń pa dé ni ìkíni ń gùn sí i. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì bá Patanmọ́ pàdé.

Ọ̀yà ní kí àwọn ọmọ dúró, ó lọ bá Lékèélékèé. Àárín àwọn màlúù ló bá a ní ọ̀dàn, ó ń ṣa tata jẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilẹ̀kùn yín ò gbà mí wọlé."

Lékèélékèé ò gbójú sókè. "Ṣé ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín?"

"Mo sọ ọ́."

"Ṣé ẹ ò pariwo? Bí ẹ bá pariwo rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn létí rẹ̀."

"N ò pariwo."

"Ṣé ẹ ti jáde kí ẹ tún wọlé?"

"Ọ̀gá, n ò tíì wọlé. Ibo ni n ó ti jáde?"

Lékèélékèé gbé tata kan mì, ó sì fara balẹ̀ ronú, bí ẹni tí iná ò ní jó ilé rẹ̀. "Apá wo lẹ dúró sí? Apá ọ̀tún ni ti iṣẹ́ tó ń wọlé, apá òsì ni ti èyí tó ń jáde. Ohun tí ẹ bá sọ fún ọ̀tún, òsì ò mọ̀ sí i."

"Ṣebí ara kan náà ni wọ́n wà. Kí ló dé tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn," ni Lékèélékèé wí. Ó wá bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ gan-an. Nígbà tó gbọ́ èèsún, ó mi orí. "Ọ̀yà ló fi èèsún ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ọ̀bọ á mọ̀ ọ́n lójú oorun. Kò gbọdọ̀ jẹ́ oúnjẹ yín, kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ yín. Kí nǹkan orí ilẹ̀ wà níbẹ̀, kí nǹkan inú omi wà níbẹ̀, kí iye kan sì tẹ̀ lé e. Kó le débi tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè rántí rẹ̀. Ẹ ò sì gbọdọ̀ gbàgbé."

Bí ọ̀rọ̀ ìwọlé Ọ̀yà ṣe di "òkúta akàn méje" nìyẹn. Lékèélékèé bá a padà dé ọ̀dọ̀ Patanmọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ tuntun náà sí i létí. Ó wá dúró, ó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ewé tirẹ̀ sì ṣí wàrà.

"Ẹ rí i? Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tèmi," ni ó wí, ó sì fò padà sáàárín màlúù. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ran ènìyàn lọ́wọ́.

Ọ̀yà mí kanlẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá Patanmọ́. Òkúta akàn méje."

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ́ nìyẹn."

Àwọn ẹlòmíràn ti tò síbẹ̀ nígbà náà. Ẹtu ti wà níbẹ̀ láti àná. Ó ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òun ṣì fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn àna òun wí. Ìkookò ti kí Patanmọ́ kú àárọ̀, kú ìyálẹ̀ta, kú ọ̀sán, ó ti fẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sùn síbẹ̀. Gbogbo wọn ló lẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ló sì wà níta.

Ìgbà náà ni Ewúrẹ́ dé. Ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu bọ̀. Ó kọjá láàárín wọn, kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn, kò sọ pé àgò. Ó gbé ẹnu sókè, ó ní, "Èèpo iṣu àkèré mẹ́rin." Ewé ṣí. Ó mú iṣẹ́ rẹ̀, ó jẹ ewé tí wọ́n fi dì í, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀yà wo ìdí rẹ̀ títí ó fi wọgbó. Gbogbo ilé ni wọ́n ti ń bá ọmọ wí pé, "Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́, tí o wọlé tí o ò kí ẹnikẹ́ni?" Ewúrẹ́ yìí ló wọlé. Ọ̀rọ̀ náà sì yé Ọ̀yà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tó bá ti ẹnu àlejò jáde ni Patanmọ́ ń gbà ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. "Ẹ káàárọ̀" tí òun ń wí láti òwúrọ̀, Patanmọ́ ti gbé e yẹ̀ wò, ó sì rí i pé kì í ṣe òkúta akàn méje. Lékèélékèé ò lè rí i. Àárín màlúù ló ti kọ́ṣẹ́, màlúù kì í sì í kí ara wọn.

"Kí a má kí i," ni Ọ̀yà sọ fún ara rẹ̀. "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó rọrùn láti sọ. Ó dìde dúró níwájú Patanmọ́, orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó la ẹnu kó sọ pé òkúta, "Ẹ ǹlẹ́ o" ló jáde. Ó tún gbìyànjú, ó di "Ẹ jọ̀ọ́." Ohun tí ìyá ẹni fi ọdún gbogbo kọ́ ẹni, ẹnu kì í ju sílẹ̀ lọ́sàn-án kan. Ojú tì í, inú sì ń bí i pé ojú ń tì í.

Níkẹyìn ó fi eyín de ètè rẹ̀. Ó na orúnkún. Ó dúró títí ewé fi là, tí Patanmọ́ bi í pé ọ̀rọ̀ ìwọlé. Kò kí i. Ó ti fẹ́ sọ ọ́ báyìí.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Ìyá Patanmọ́!" ni àwọn ọmọ rẹ̀ kígbe láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn lórí ìkúnlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ́ nìyẹn."

Ọ̀yà yíjú sí wọn. Kí ni yóò bá wọn wí sí? Ọmọ gidi ni wọ́n. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún.

Ibẹ̀ ló wà tí òórùn fi dé imú rẹ̀. Èéfín ni. Eérú dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè. Apá ìlà oòrùn igbó ti pọ́n, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń lé iná bọ̀. Ẹtu sá. Ìkookò sá. Lékèélékèé kò sá, ó ti lọ dúró sẹ́nu iná, níbi tí tata ti ń fò jáde wá bá a fúnra wọn. Ó ní irú ọjọ́ báyìí ò wọ́pọ̀.

Ọ̀yà ò mọ ibi tí yóò kó àwọn ọmọ gbà. Odò wà níwájú, iná wà lẹ́yìn. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ wà nínú ewé kan tó pa dé níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tó o. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn, ó wò ó, Ewúrẹ́ ni, ó ń sáré kọjá.

"Ewúrẹ́, jọ̀ọ́, dúró. Bá mi sọ ọ̀rọ̀ mi fún Patanmọ́. Òkúta akàn méje ni."

"Iná ń bọ̀," ni Ewúrẹ́ wí.

"Ewé ni wọ́n fi di iṣẹ́ náà."

Ewúrẹ́ dúró. "Ewé tútù?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó kọjú sí Patanmọ́, kò kágò, ó ní, "Òkúta akàn méje." Ewé Ọ̀yà ṣí wàrà, bí ẹni pé kò pa dé rí. Ewúrẹ́ ki ẹnu bọ̀ ọ́. Kí Ọ̀yà tó sọ pé háà, ó ti jẹ iṣẹ́ náà tán.

Ọ̀yà káwọ́ lérí. Ẹ̀mí àwọn ọmọ òun ni ewúrẹ́ gbé mì yẹn. Àmọ́ ìyá tó ti sin ọmọ méjì kì í tètè gbà fún àánú ara rẹ̀.

"Ewúrẹ́, ewé kí lo jẹ yẹn?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ewúrẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Ìyeyè ni. Àgbà ìyeyè, tí omi ń fọ gbòǹgbò rẹ̀. Ó ní yanrìn díẹ̀ fún mi. Mo ti jẹ èyí tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó tu òkúta kékeré kan jáde, òkúta odò tó ń dán. "Wọ́n di èyí mọ́ ọn. N ò jẹ òkúta."

Igi ìyeyè kan ṣoṣo ló wà létí odò náà. Gbogbo ẹranko ló mọ̀ ọ́n. Abẹ́ rẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti rí ibi tí òkúta wà nísàlẹ̀ omi, tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè tẹ̀. Ọ̀yà ní kí àwọn ọmọ sáré tẹ̀ lé Ewúrẹ́ lọ sábẹ́ ìyeyè náà, kí wọ́n má wẹ̀yìn, òun ń bọ̀.

Òun náà ì bá máa lọ. Ta ni ìbá bá a wí? Ṣùgbọ́n a kì í rí iná kí á má ké sí ará ilé. Ó yí padà sí Patanmọ́ tó dúró síbẹ̀ tòun ti ewé tó pa dé, tí kò rí nǹkan kan.

"Ẹ kú ewu o, Ìyá Patanmọ́. Iná ń bọ̀. Ẹ dìde, ká jọ máa lọ."

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ́ nìyẹn."

"N ò wọlé. N ò fẹ́ wọlé mọ́. Mo ní iná ń bọ̀ wá jó yín ni."

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ́ nìyẹn."

Ooru ti ń ta Ọ̀yà lẹ́yìn. Ó dúró títí ewé fi tún là díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò kúnlẹ̀, kò kágò, kò kí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sọ̀rọ̀ sí àgbà báyìí rí.

"Iná!"

Patanmọ́ gbé e yẹ̀ wò. "Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ́ nìyẹn," ó wí, ó sì pa ewé dé.

Ọ̀yà sá. Iná jó irun ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ọmọ lábẹ́ ìyeyè. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wá òkúta nínú omi, wọ́n gòkè sí òdìkejì níbi tí Àwẹ̀ró ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n pé. Ọ̀yà kó gbogbo wọn mọ́ra, ó sì sunkún tó yàtọ̀ sí ti iwájú Patanmọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Patanmọ́ tún hù láti inú gbòǹgbò. Ẹsẹ̀ tó fi ń rìn ti jóná, gíga rẹ̀ ti lọ, kò lè ṣe ju kó rá pálá mọ́lẹ̀. Ó hu ẹ̀gún, kí ẹnikẹ́ni má bàa sún mọ́ ọn láìmọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di eérú. Àwọn ẹranko ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹyẹ sí ara wọn tààrà. Wọ́n lọ bá Lékèélékèé pé kí ó wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wò ó láti òkè, ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dọ̀ tòun.

Láti ọjọ́ náà ni Patanmọ́ ti ń pa ewé rẹ̀ dé mọ́ gbogbo ohun tó bá fara kàn án. Bí ọmọdé fi ìka kàn án, á pa dé. Bí òjò kán sí i, á pa dé. Bí atẹ́gùn kí i, á pa dé. Bó bá wá ṣe díẹ̀, á rọra la ewé rẹ̀ padà, á wo ẹni tó dúró, bóyá ó ti rántí ọ̀rọ̀ náà. Kò sì sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.